Ṣé Jìbìtì Ni, Àbí Bẹ́ẹ̀ Ni Ó Ṣe Máa Ń Ṣe? Àlàyé Lórí Ọ́kíìdì Onísálúbàtà Tí Òdòdó Rẹ̀ Ń Yí Padà

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ sí Màmá Tíṣà, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo jìbìtì tí wọ́n lu àwọn. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ra ọ́kíìdì kan fún wọn, ó sì ti fi àwòrán òdòdó náà ránṣẹ́ sórí fóònù wọn kí irúgbìn fúnra rẹ̀ tó dé: òdòdó funfun tó ní ìlà àwọ̀ ewé, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni màmá fi bomi rin ewé lásán. Nígbà tí òdòdó wá yọ, ó kéré, ìlà àwọ̀ àlùkò ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan nínú apá rẹ̀ méjèèjì sì ká kò bí etí ajá. Wọ́n na páálí kékeré tí wọ́n kọ orúkọ sí sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà wò ó, ṣé orúkọ tó wà níbí kọ́ ló wà lábẹ́ àwòrán yẹn ni?" Orúkọ kan náà ni. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gé e," ni mo fi dáhùn, nítorí mo ti rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lórí òdòdó yìí ni pé ìyípadà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bá a, a sì máa ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í jọra. Òdòdó ọdún yìí lára igi kan kì í dà bí ti èṣí. Òdòdó kan náà tí a rí lónìí yóò sì tún yàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ya mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ lè ju igi rere nù, ó sì lè gbóríyìn fún oníṣòwò tí kò yẹ kó gbóríyìn fún.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọ́kíìdì onísálúbàtà?

Ọ́kíìdì jẹ́ ìdílé irúgbìn tó gbòòrò gan-an, irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ lágbàáyé sì lé ní 25,000. Fanílà tí wọ́n ń fi sínú áásìkiriìmù, inú èso ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti ń rí i. Ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ní àmì tótòtó bí awọ ẹkùn, máa ń gbé orí igi ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lórí igi a máa pè é ní àfòmọ́, ṣùgbọ́n àfòmọ́ gidi a máa fa oje igi tó bá gùn, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni ọ́kíìdì kàn ń gbé orí igi bí ayálégbé tí kì í bu oúnjẹ nínú ìkòkò onílé.

Onísálúbàtà ni ẹ̀ka kan nínú ìdílé ńlá yìí. Ìsàlẹ̀ òdòdó rẹ̀ ká di àpò, àpò náà sì rí gẹ́lẹ́ bí iwájú sálúbàtà tí a ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yà márùn-ún ló wà nínú ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n méjì ni ọ̀rọ̀ wa kàn jù. Paphiopedilum, tí àwọn tó ń gbìn ín máa ń gé kúrú sí Paph, wá láti Éṣíà, láti Íńdíà títí dé àwọn erékùṣù Solomon. Phragmipedium, tí wọ́n ń gé kúrú sí Phrag, wá láti Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà nínú wọn.

Bí ẹ bá kọjú sí òdòdó Paph kan, ẹ ó rí ewé òdòdó kan tó dúró lókè bí fìlà. Òun ni n ó máa pè ní ìbòrí. Apá méjì nà sí ọ̀tún àti òsì. Àpò wà nísàlẹ̀ ní àárín, ewé òdòdó mìíràn sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ pé méjì ló lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Àpò yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ìgèrè ni. Kòkòrò tó bá kó sínú rẹ̀ kò lè gba ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé jáde, nítorí pé etí àpò náà ká sínú, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí irun wẹ́wẹ́ wà tó lè fi ṣe àkàbà, ni yóò gbà gòkè, ibẹ̀ ni yóò sì ti fara nu abo òdòdó, kó tó wá fara nu akọ rẹ̀, kó tó rí ìta. Púpọ̀ nínú àwọn òdòdó wọ̀nyí kì í fún kòkòrò ní oúnjẹ kankan fún gbogbo wàhálà yẹn. Tí a bá ń wá oníjìbìtì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òdòdó fúnra rẹ̀.

Kí ni àdàpọ̀?

Àdàpọ̀ ni ọmọ tí a rí nígbà tí ènìyàn bá fi igi tín-ín-rín mú èròjà akọ lára irú ọ́kíìdì kan, tó sì fi kan abo òdòdó irú mìíràn. Kì í ṣe àdàmọ̀dì. Àdàpọ̀ onísálúbàtà àkọ́kọ́ tí ènìyàn ṣe yọ òdòdó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1869, nínú ọgbà ìdílé Veitch, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wọn kan, John Dominy. Paph. villosum àti Paph. barbatum ni òbí rẹ̀, Harrisianum ni wọ́n sì sọ ọ́.

Èso kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró, hóró náà sì wẹ́ bí eruku, láìní oúnjẹ nínú bí ti àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Nínú igbó, ó di ìgbà tí irú olú kan tí ojú kò lè rí bá bọ́ ọ kó tó lè hù. Lewis Knudson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní 1922 pé hóró ọ́kíìdì lè hù láìsí olú náà, bí a bá gbìn ín sórí ohun tó dì bí ẹ̀kọ, tí a po ṣúgà mọ́, nínú ìgò tí kòkòrò àìfojúrí kankan kò lè wọ̀. Láti inú ìgò dé orí òdòdó àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta sí méje ló sábà máa ń gbà. Àwọn kan tilẹ̀ wà, bí i Paph. rothschildianum ti òkè Kinabalu ní Borneo àti àwọn ọmọ rẹ̀, tó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé orúkọ kan náà túmọ̀ sí òdòdó kan náà?

Rárá, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ Màmá Tíṣà ti rú. Ohun tó wà lára páálí wọn ni Paphiopedilum Maudiae. Wọ́n rò pé orúkọ igi ni. Orúkọ ìdílé ni.

Láti 1961 ni ẹgbẹ́ Royal Horticultural Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tọ́jú ìwé orúkọ àdàpọ̀ ọ́kíìdì fún gbogbo àgbáyé. Ìdílé Sander ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ní 1906. Òfin ibẹ̀ ni pé gbogbo ọmọ tí òbí méjì kan náà bá bí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọn yóò máa jẹ́, yálà àná ni wọ́n bí wọn tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, yálà èyí ló ṣe ìyá tàbí ó ṣe baba. Maudiae ni gbogbo ọmọ tí Paph. callosum àti Paph. lawrenceanum bá bí, láti 1900 tí wọ́n ti forúkọ náà sílẹ̀. Irú méjèèjì yìí sábà máa ń ní àwọ̀ àlùkò lára, ṣùgbọ́n a máa rí àfín láàrin wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọ̀ àlùkò kò sí lára rẹ̀ rárá, tó jẹ́ funfun àti àwọ̀ ewé nìkan. Nígbà tí wọ́n fi àfín callosum pọ̀ mọ́ àfín lawrenceanum, òdòdó funfun olókìkí tó wà nínú àwòrán ọmọ màmá ni wọ́n rí. Nígbà tí a bá fi aláwọ̀ pọ̀ mọ́ aláwọ̀, alálùkò ni yóò jáde. Maudiae ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ tọ́ka sí igi kan pàtó nínú ìdílé náà, yóò fún un ní orúkọ àbísọ, yóò sì kọ ọ́ sáàárín àmì kékeré méjì, bí i Paphiopedilum Maudiae 'The Queen'. Orúkọ àbísọ yìí kì í bá hóró lọ. Ẹ wo ẹ̀gẹ́: bí a bá gé igi rẹ̀ gbìn, ìyá gan-an ló tún hù, ṣùgbọ́n bí a bá gbin hóró rẹ̀, a kò mọ ohun tí yóò jáde. Bákan náà ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe jẹ́ ìyá rẹ̀ gan-an. Ọ́kíìdì onísálúbàtà tó bá ti pọ̀ nínú ìkòkò ṣeé pín bẹ́ẹ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan a sì máa jẹ́ orúkọ àbísọ náà. Àwọn ọ́kíìdì mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ lè fi ẹ̀rún kékeré ara igi kan ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi tó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Àwọn onísálúbàtà kò gbà fún irú iṣẹ́ yìí bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ìpín igi olókìkí kan fi wọ́n, tí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà fi jẹ́ ọmọ hóró, tí kálukú wọn sì ní ojú tirẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo dá fún màmá nìyí: oníṣòwò náà kò parọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó fi àwòrán àfín ta aláwọ̀. Kò sì yẹ kí a dúró di ọjọ́ òdòdó kí a tó mọ̀. Ìsàlẹ̀ ewé àwọn aláwọ̀ sábà máa ń ní àlùkò tótòtó, nígbà tí ìsàlẹ̀ ewé àfín máa ń mọ́ ní àwọ̀ ewé nìkan. A gbé ìkòkò náà sókè, a yẹ ìdí ewé wò. Àlùkò wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí òdòdó àkọ́kọ́ fi kéré tó sì wọ́?

Èyí rọrùn fún ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí. Ẹyin àkọ́yé kì í tóbi, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò torí ìyẹn pa adìyẹ. Ìdì ewé kọ̀ọ̀kan lára Paph, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń so ẹ̀ẹ̀kan. Ìdì tuntun yóò hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí àtijọ́ kò sì ní kú kíá. Yóò máa bọ́ àbúrò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ má gé e. Bí ìdì ewé ṣe ń pọ̀ sí i tí gbòǹgbò sì ń lágbára, òdòdó a máa tóbi sí i, a sì máa tẹ́ dáadáa. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń dúró wo òdòdó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó pinnu lórí igi kan. Apá tó ká kò lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ pé ọ̀dá ló bá a nígbà tó wà nínú èéhù. Bó bá ká kò lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, àbímọ́ ni.

Àwọ̀ àlùkò ti Màmá Tíṣà kò ní di funfun láéláé, ìwọ̀n àti ìrísí nìkan ni ọjọ́ orí lè tún ṣe.

Ọjọ́ wo gan-an ni òdòdó pé?

Apá tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, nítorí pé ojú lásán la fi ń rí i bí ẹni bá ní sùúrù. Èéhù òdòdó máa ń yọ láti àárín ìdì ewé, nínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dì mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ọ̀pá rẹ̀ bá ti ń gòkè, a kì í yí ìkòkò mọ́, nítorí pé òdòdó a máa kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, bí a bá sì ń yí i kiri, ọrùn rẹ̀ yóò wọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbòrí yóò gbéra díẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Apá méjèèjì ṣì pa mọ́ra, àpò rọ̀ jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀ bí bàlúùnù tí wọn kò tíì fẹ́ atẹ́gùn sí, àwọ̀ ewé sì bo gbogbo rẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, apá yóò nà, àpò yóò kún, àwọ̀ yóò sì máa jinlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òdòdó tó ti là tán ṣì ń dàgbà. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tó là kó tó fẹ̀ dé òpin. Màmá Tíṣà, tí iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì kúrò lára wọn, fi rúlà wọn tiwọn lójoojúmọ́, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé ìwọ̀n ọjọ́ kejì kọ́ ni ti ọjọ́ kẹwàá.

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àṣà tirẹ̀. Àpò Paph. micranthum ti ilẹ̀ Ṣáínà a máa wú sí i fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi dà bí ẹyin ńlá. Apá Phrag. caudatum a máa gùn sí i lẹ́yìn tí òdòdó bá ti là, yóò rọ̀ sílẹ̀ bí ríbọ́ọ̀nù, ó sì lè kọjá ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 60. Phrag. besseae, tí ayé kò mọ̀ títí di 1981 tí wọ́n rí i ní Peru, ló mú àwọ̀ pupa fòò wọ inú àwọn àdàpọ̀ Phrag, ṣùgbọ́n ooru a máa ṣá àwọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ tó yọ pupa nígbà tí ilẹ̀ tutù lè yọ bí àwọ̀ ọsàn nígbà ooru, lórí igi kan náà. Àwọn kan, bí i Paph. Pinocchio, máa ń yọ òdòdó kan tẹ̀ lé òmíràn lórí ọ̀pá kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Paph. St. Swithin ní tirẹ̀ máa ń gbé òdòdó mélòó kan dúró pa pọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ là, ọjọ́ àfihàn rẹ̀ sì ni ọjọ́ tí ti òkè pátápátá ti là tán tí ti ìsàlẹ̀ kò sì tíì rẹ̀.

Òdòdó Paph kan lè wà lórí ọ̀pá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bó bá ń darúgbó, ìbòrí rẹ̀ yóò ká sẹ́yìn, àwọ̀ yóò ṣá, etí rẹ̀ yóò máa gbẹ. Ti Phrag yàtọ̀: ńṣe ló máa ń já bọ́ nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ọ̀pọ̀ olùgbìn sì ti rò pé ọmọdé ló já a.

Báwo ni ojú ọjọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe bá a mu?

Ó kù sí irú tí a bá yàn. Àwọn Paph tí ewé wọn ní àbàwọ́n, bí i Maudiae, fara da ooru, wọn kò sì ń bèèrè òtútù kí wọ́n tó yọ òdòdó. Àwọn tí ewé wọn jẹ́ àwọ̀ ewé gbalaja, tí òdòdó wọn tóbi tó sì yí roboto bí àwo, ń fẹ́ òru tó tutù dé nǹkan bí 13 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kí wọ́n tó yọ èéhù. Òru ọyẹ́ wa kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi owó rẹ̀ ra wọ́n fún ilé ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Paph kò ní ibi tí yóò kó omi pamọ́ sí nínú ara rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ìdí rẹ̀ gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ rin gbingbin. Ẹ̀ẹ́rún èédú àti èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ dára jù yẹ̀pẹ̀ lọ, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún kan tàbí méjì. Omi òjò ló bá a lára mu jù; omi kànga tó ní iyọ̀ púpọ̀ a máa jó orí gbòǹgbò rẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí a bomi rin ín, kí omi má sì dúró sí àárín ìdì ewé, kó má baà rà. Ẹ̀yìn fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń kàn dára fún un, oòrùn ọ̀sán yóò jó ewé rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè mú kí èéhù rọ kó tó là, nítorí náà màmá gbé ìkòkò tiwọn sórí òkúta wẹ́wẹ́ nínú àwo omi, tí ìdí ìkòkò kò sì kan omi. Phrag ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.

Kí ni adájọ́ ń wò níbi àfihàn?

Lẹ́tà bí i HCC, AM tàbí FCC tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn orúkọ jẹ́ àmì ẹ̀yẹ. Ní ọ̀dọ̀ American Orchid Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921, àwọn adájọ́ a máa fún òdòdó ní máàkì nínú 100: 75 sí 79 ni HCC, 80 sí 89 ni AM, 90 sókè ni FCC. Ìrísí, àwọ̀, ìwọ̀n àti bí ara òdòdó ṣe nípọn ni wọ́n ń wò, wọ́n sì máa ń fi í wé òbí rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti gba ẹ̀yẹ ṣáájú. Kì í ṣe ìdílé ni wọ́n ń fún, igi kan náà tó wà níwájú wọn ni. Ohun tí òdòdó náà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni wọ́n lè kà, wọn kì í fún ni ní máàkì nítorí pé yóò ṣì fẹ̀ lọ́la. Ẹni tó gbé tirẹ̀ wá ní ọjọ́ kẹta ti pàdánù, ẹni tó gbé tirẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ keje náà ti pàdánù. Bí a bá fẹ́ gbé e rìn, a máa ń so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa ń fi òwú rírọ̀ gbé e lẹ́yìn kí mọ́tò má baà jù ú.

Ṣé ẹnikẹ́ni lè kó o wọ̀lú?

Pẹ̀lú ìwé ni. Gbogbo Paph àti Phrag wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES, ní ìpele tó le jù, tó ka òwò èyí tí wọ́n wú nínú igbó léèwọ̀. Èyí tí wọ́n gbìn lọ́gbà ṣeé tà bó bá ní ìwé àṣẹ. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn náà tún wà, iléeṣẹ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service sì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè kí ẹ tó gbé ohunkóhun gba pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn ìwé ti màmá pé.

Ìdì ewé kejì yọ òdòdó lọ́dún tó kọjá. Ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, apá rẹ̀ méjèèjì tẹ́, alálùkò ló sì jẹ́. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn bọ́ sí ọjọ́ kejìlá tí òdòdó náà là, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì níwájú. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan kún páálí náà lẹ́yìn Maudiae, sáàárín àmì kékeré méjì: 'Àlùkò'. Wọ́n ní bí àwọn bá pín in, orúkọ yẹn ni yóò bá ọmọ rẹ̀ lọ.